Búrẹ́dì róbótó tó rọ̀ láìlo yíìsì inú ọ̀rá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti inú ìgò títí dé ààrò

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ṣòro láti sọ: búrẹ́dì róbótó kéékèèké, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì nígbà oúnjẹ alẹ́, tó rọ̀, tó fúyẹ́, tí kò kan lẹ́nu, tí kò sì sí yíìsì inú ọ̀rá kankan nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun, omi àti ohun alààyè tó ti wà lára ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ ni yóò mú un wú.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ìwúkàrà àdánidá àti búrẹ́dì dídùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn mu. Ṣúgà máa ń fa ọwọ́ yíìsì sẹ́yìn, bọ́tà máa ń wúwo lórí ìyẹ̀fun, àkókò gígùn tí ìwúkàrà yìí ń gbà sì máa ń jẹ́ kí búrẹ́dì kan. Wíwú kọ́ ni wàhálà. Ẹni tó bá ní sùúrù, tirẹ̀ á wú. Kí ó wú kí ó má sì kan ni mo ń lé.

Ìwúkàrà inú ìgò

Fún ẹni tí kò tíì ní i: ẹ wá ìgò onígíláàsì tó mọ́, ẹ wọn ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn ò yọ èèpo rẹ̀ 50 gíráàmù sí i, pẹ̀lú omi 50 gíráàmù, ẹ rò ó pọ̀, ẹ bò ó láìdé e pa. Èèpo ọkà ni yíìsì àti bakitéríà pọ̀ sí jù lọ, ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun funfun nìkan fi máa ń pẹ́ kó tó jí. Lójoojúmọ́, ẹ mú ìdá kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyẹ̀fun ìdá kan àti omi ìdá kan bọ́ ọ. Bí omi yín bá ń rùn kílórínì, ẹ gbé e kalẹ̀ láìdé mọ́jú kí ẹ tó lò ó.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìgò náà lè ru sókè débi pé èèyàn á rò pé ó ti jinná. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bakitéríà bíi Leuconostoc ló ń tú gáàsì yẹn jáde, òórùn rẹ̀ kì í sì í dára. Bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára wọn á máa tán, gbogbo nǹkan á sì dákẹ́ rọ́rọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé ó ti kú, tí wọ́n á dà á nù. Ẹ má dà á nù, ẹ máa bọ́ ọ lọ. Àsìkò tó dákẹ́ yẹn gan-an ni àwọn yíìsì àti bakitéríà tó lè fara da ásíìdì ń gba ibẹ̀. Bí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 4, ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a kò fẹ́ ò lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Tí òórùn rẹ̀ bá ti dà bíi ti èso tó pọ́n, tó ń kan díẹ̀, tó sì ń di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan léra wọn, ó ti tó lò. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Nǹkan kan wà nínú ìgbépọ̀ àwọn ohun alààyè yìí tó máa ń wù mí. Ní 1971, Leo Kline àti Frank Sugihara, tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí búrẹ́dì kíkan ti San Francisco, ṣàpèjúwe bakitéríà kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ. Fructilactobacillus sanfranciscensis ló ń jẹ́ lónìí. Maltose, ìyẹn ṣúgà tó ń jáde lára sítáàṣì ìyẹ̀fun, ni oúnjẹ tí bakitéríà yìí yàn láàyò. Yíìsì tí wọ́n sì sábà máa ń bá lọ́dọ̀ rẹ̀, Kazachstania humilis, kì í jẹ maltose rárá, àwọn ṣúgà mìíràn ló ń jẹ. Ìjà oúnjẹ ò sí láàárín wọn. Bakitéríà ń tú ásíìdì jáde, yíìsì ń fara dà á, àlejò ò sì rí àyè wọlé. Kì í ṣe inú gbogbo ìgò lẹ ti máa bá àwọn méjì yìí o. Inú ìgò mìíràn, Saccharomyces cerevisiae, ìbátan èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Ìgò tèmi ti gbó dáadáa. Kékeré ni mo ń tọ́jú, 60 gíráàmù péré, torí mi ò fẹ́ràn kí n máa da ìyẹ̀fun nù. Inú fíríìjì ló máa ń wà, mo sì máa ń bọ́ ọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi dúdú bá dá sókè rẹ̀, ebi ló ń pa á, kò bàjẹ́. Bí ó bá hu èéhù, tàbí tí ẹ rí ìlà pupa tàbí àwọ̀ ọsàn lára rẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan máa ń sọ tiwọn lórúkọ. Tèmi ò lórúkọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé e jáde nínú fíríìjì, mo sì bọ́ ọ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ títí ara rẹ̀ fi yá padà.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́: ìwúkàrà líle

Inú abọ́ kékeré, mo wọn ìwúkàrà inú ìgò 30 gíráàmù, omi 45, ìyẹ̀fun funfun 90 àti ṣúgà 15. Mo pò ó títí ó fi di ìṣù líle kan tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìgò tó ga, mo wá fi rọ́bà sàmì sí ibi tó dé. Yàrá wà ní 26 °C.

Ó rọrùn kí n kàn da ìwúkàrà ṣíṣàn inú ìgò sínú ìyẹ̀fun ní tààrà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lọ́nà yẹn ni, torí ìṣù líle yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 105 gíráàmù tí a bá ka 15 tó bá ìwúkàrà wá mọ́ ọn, ṣúgà rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun yẹn. Ṣúgà tó tó báyìí máa ń fa omi mọ́ àwọn ohun alààyè inú ìṣù lọ́wọ́, ó sì ń ni bakitéríà lára ju yíìsì lọ. Líle tí ìṣù náà le tún ń dín ìgboyà bakitéríà kù. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, yíìsì ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ásíìdì ò sì tíì pọ̀ tó ti ìwúkàrà ṣíṣàn tó lo irú wákàtí kan náà.

Ní ti àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe, pé kí èèyàn sọ ìwúkàrà díẹ̀ sínú omi kó wò ó bóyá á léfòó, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e fún irú èyí. Ìṣù líle máa ń di gáàsì mú, ó lè léfòó nígbà tí kò tíì gbó. Ojú rọ́bà ni mò ń wò.

Aago méje àárọ̀: ìyẹ̀fun sísè

Ìwúkàrà alẹ́ ti ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa, orí rẹ̀ ṣì yọ gọngọ. Nígbà tí mo fà á ya, inú rẹ̀ kún fún ihò, òórùn rẹ̀ dùn, ìkan inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ká ní orí rẹ̀ ti jìn wọnú ni, ó ti kọjá ibi tí mo fẹ́ nìyẹn, ásíìdì á ti ṣáájú mi wọlé.

Mo da ìyẹ̀fun 25 gíráàmù àti mílíìkì 125 sínú ìkòkò kékeré, mo sì ń rò ó lórí iná tó rọra ń jó títí tẹmómítà fi kà á sí 65 °C. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kí ó máa wo ipa ṣíbí: bí ipa náà bá ti dúró nísàlẹ̀ ìkòkò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó pa dé, ó ti tó. Ní ìwọ̀n ooru yìí, sítáàṣì á mumi yó, á sì dì í mú. Omi yẹn ò ní tètè jáde lára búrẹ́dì lẹ́yìn ìdin, ara rẹ̀ á sì máa rọ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Mo bò ó kí ojú rẹ̀ má gbẹ, mo sì dúró kí ó tutù dáadáa. Gbígbóná rẹ̀ lè pa yíìsì, ó sì lè yọ́ bọ́tà.

Pípò

Nínú abọ́ ńlá: gbogbo ìwúkàrà alẹ́, tí mo ti fà ya wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun sísè, mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ 120 gíráàmù, ẹyin kan (50 gíráàmù láìka èèpo) àti ṣúgà 40. Mo rò wọ́n pọ̀, mo wá da ìyẹ̀fun funfun 370 lé e. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní ti búrẹ́dì ni, tí pùrótéènì rẹ̀ tó 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò gbogbo ìyẹ̀fun inú iṣẹ́ yìí jẹ́ 500 gíráàmù, èyí tó sọ ìṣirò yòókù di ìrọ̀rùn: bọ́tà 60 jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ 9 ò tó 2, gbogbo ṣúgà pọ̀ jẹ́ 11. Mi ò fẹ́ kí ṣúgà lé sí i jù bẹ́ẹ̀. Tó bá fi ń lọ sí 15, wákàtí tí wíwú máa gbà á di èyí tí kò ṣeé fara dà.

Mo bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtíì fi iyọ̀ tàbí bọ́tà sí i. Ìyẹ̀fun á ti mumi, gluten, ìyẹn pùrótéènì inú ìyẹ̀fun tó ń fà bíi rọ́bà, á sì ti máa so ara rẹ̀ pọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ èèyàn. Lẹ́yìn èyí ni iyọ̀ wọlé, mo pò ó títí ó fi di ọ̀kan, mo wá ń fi bọ́tà rírọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Tí bọ́tà bá wọlé, ojú iṣẹ́ náà máa ń burú. Gbogbo rẹ̀ á máa yọ̀, á ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè. Ọwọ́ á máa yún èèyàn láti wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Gbogbo ìyẹ̀fun tí ẹ bá wọ́n sí i níbí, ẹ ó bá a lẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́: búrẹ́dì tó le. Ẹ máa pò ó lọ, ẹ máa gbé e sókè, kí ẹ fà á, kí ẹ ṣẹ́ ẹ lé ara rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń fi ọwọ́ ṣe é, ó yí padà, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì jáwọ́ lára abọ́. Mo gé díẹ̀, mo nà án láàárín ìka títí ó fi fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìya. Mo dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Wíwú àkọ́kọ́, láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án

Tẹmómítà tí mo tì bọ inú ìṣù sọ pé 26 °C. Ooru inú ìṣù ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ti yàrá nìkan. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, mo ṣẹ́ ẹ lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìlànà ló máa ń ní kí a dúró títí á fi di ìlọ́po méjì. Fún ìṣù tó ní bọ́tà àti ẹyin, tó sì jẹ́ pé ìwúkàrà àdánidá ló ń gbé e, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlàjì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo fẹ́ kó fi pọ̀ sí i. Ohun tó fà á ni pé bí ásíìdì ṣe ń pọ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ìyẹ̀fun tó ń gé pùrótéènì máa ń mú ṣáṣá sí i. Gluten tí a fi gbogbo agbára pò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìṣù tó dúró pẹ́ jù á di rẹ́múrẹ́mú, omi á dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó bu omi sí i, kò sì ní lè gbé ara rẹ̀ dúró nínú ààrò. Ohun tó mú un kan náà ló sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Nítorí náà, àǹfààní méjì ló wà nínú kí èèyàn tètè gé e: adùn àti gíga.

Lára abọ́ onígíláàsì, mò ń wo ihò gáàsì tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mò ń wo etí ìṣù bóyá ó yí gbọnrangandan tàbí ó ti ń pẹlẹ. Mo mi abọ́, gbogbo rẹ̀ sì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí mo pò ó tán. Bí inú ìṣù bá jẹ́ 21 °C péré, ẹ ka wákàtí méje sí mẹ́jọ. Tó bá sì kọjá 30 °C, bakitéríà ni ẹ ń ṣe lóore, bọ́tà náà á sì máa yọ́.

Gígé àti ṣíṣù

Gbogbo rẹ̀ wọn díẹ̀ ju 960 gíráàmù. Mo gé e sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 gíráàmù. Òṣùwọ̀n ni mo lò, torí èyí tó bá kéré á gbẹ kí èyí tó tóbi tó jinná. Mo kó etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo sì yí i lórí tábìlì tí kò ní ìyẹ̀fun títí awọ rẹ̀ fi le. Tábìlì tó ní ìyẹ̀fun á jẹ́ kó máa yọ̀, kò ní rí ohun dì mú. Páànù 23 sí 33 sẹ̀ǹtímítà tí mo ti fi bọ́tà pa ló gbà wọ́n, ìlà márùn-ún, mẹ́tamẹ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn.

Wíwú kejì

Níbí ni mi ò ti kánjú rárá. Mo bo páànù, mo gbé e síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 27 °C, ó sì gba wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ gbáko. Yíìsì inú ọ̀rá ì bá ti ṣe é láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá ń fi ti yíìsì inú ọ̀rá wọn tiwa, á gbé e sínú ààrò ní kùtùkùtù, búrẹ́dì á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ á sì kì.

Mo dúró títí wọ́n fi fara kan ara wọn, tí wọ́n sì fẹ́ẹ̀ dé etí páànù. Mo fi ìka tó ní omi tẹ ọ̀kan. Tí ojú rẹ̀ bá ta padà kíá, kò tíì yá. Tí kò bá padà rárá, ó ti pẹ́. Tèmi rọra ń padà, ó sì fi ipa díẹ̀ sílẹ̀.

Ààrò

190 °C, tí mo ti tàn sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹyin kan tí mo lù pọ̀ mọ́ mílíìkì ṣíbí kan ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa ojú wọn. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n tún ga sí i: gáàsì ń gbòòrò, omi ń di èéfín, yíìsì náà ń sa gbogbo agbára rẹ̀ títí ooru inú ìṣù fi dé nǹkan bíi 60 °C tí ó kú. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ojú wọn ti ń pọ́n kíákíá nítorí ṣúgà àti mílíìkì, mo sì fi bébà onírin bò wọ́n. Mo kó wọn jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, nígbà tí tẹmómítà ka 91 °C nínú èyí tó wà láàárín gbùngbùn. Ti àárín ni kí ẹ wọ̀n, torí òun ló ń jinná kẹ́yìn. Bọ́tà yíyọ́ díẹ̀ lórí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde, awọ tó fẹ́ le sì rọ̀.

Ohun tó jáde

Wọ́n ya lára ara wọn ní fọ́nrán gígùn, funfun, inú wọn rọ̀, ihò wọn sì kéré, ó dọ́gba. Ní ti kíkan, ẹni tí mi ò sọ fún kò fura. Ẹni tó ń wá a á rí díẹ̀ ní ìparí adùn bọ́tà, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ fi ìwúkàrà ṣíṣàn ṣe irú kan náà, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kí n lè ní ohun tí màá fi èyí wé. Ìyẹn wú, ó ṣeé jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan láti ibi gígé jẹ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ sì tètè gbẹ nítorí kò sí ìyẹ̀fun sísè nínú rẹ̀. Àtúnṣe méjì ni mo ṣe pọ̀, nítorí náà rírọ̀ rẹ̀, mi ò lè gbé gbogbo rẹ̀ fún ìwúkàrà líle. Dídín tí kíkan rẹ̀ dín kù, òun ni mo gbé fún un.

Nípa ìtọ́jú: ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Òtútù fíríìjì gan-an ni sítáàṣì ti máa ń yára le padà, búrẹ́dì á sì ṣá níbẹ̀ kíákíá ju orí tábìlì lọ. Inú ọ̀rá tó pa dé, lórí tábìlì, ó dára fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tí ẹ ò ní jẹ tán, inú fírísà ni kó lọ ní ọjọ́ tí ẹ din ín. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó yọ́, kí ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú ààrò 160 °C fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Mo ti dán ọ̀nà kan wò sí i fún ìgbà tí oúnjẹ bá jẹ́ ti ọ̀sán: mo ṣù wọ́n sínú páànù ní alẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n lo wákàtí kan níta, mo sì gbé wọn sínú fíríìjì mọ́jú. Ní àárọ̀, ó tún gba wákàtí mẹ́ta níta kí wọ́n tó fara kan ara wọn. Ojú wọn pọ́n dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n kan díẹ̀ sí i, ohun tí mo sì ń retí nìyẹn, torí bakitéríà ò sùn tán nínú òtútù. Èyí tí mo máa yí padà níbẹ̀ ni ìwúkàrà: màá dín in kù láti 180 gíráàmù sí 140, màá sì fi ìyẹ̀fun àti mílíìkì dí ìyókù.